Ọrùn Bàbá Ìkúnayọ̀

Ọ̀sán ni, oòrùn ń dà sórí ọ̀nà Ogunu ní Warri. Akínsànmí jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí n dìde dúró, òun fẹ́ wọn ọrùn mi.

Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ó mú téèpù kápẹ́ńtà lọ́wọ́, ó tẹ ẹnu téèpù náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ mi, ó fà á gòkè títí dé abẹ́ àgbọ̀n mi. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹja jáde nínú yìnyín. Ó wo nọ́ńbà tó wà lórí téèpù, ó mirí.

"Kì í ṣe tiyín," ó ní.

"Kí ni kì í ṣe tèmi?"

"Ọrùn yìí. Bàbá, ta lẹ mọ̀ láyé yìí tí ọrùn rẹ̀ ga tó ti Bàbá Ìkúnayọ̀?"

"Kò sí. Omi tó bá bo èmi lórí, àyà ló máa dé fún ọkùnrin yẹn. Àmọ́ àna rẹ ti kú. Kí lo fẹ́ fi ọrùn òkú ṣe?"

 Ó dì mí lápá mú, ó fà mí wọlé síbi kọ̀ǹpútà.

Kí n tó sọ ohun tó fi hàn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, torí inú iṣẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti yọ.

Áàpù kan wà fún fóònù, máàpù ojú omi ni. Ó ń fi ibi tí omi ti jìn han ọlọ́kọ̀, ó ń fi ibi tí iyanrìn wà hàn án, ó sì ń sọ ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é wà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí. Wọ́n fi inú rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, kí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè wọ inú rẹ̀ kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Akínsànmí àti Hadassah ìyàwó rẹ̀ mú un, wọ́n gé e mọ́ odò tiwa bí télọ̀ ṣe ń gé ṣòkòtò okirika mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó rà á. Wọ́n pe tiwọn ní Atukọ̀. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń wakọ̀ ojú omi ní Warri tí Atukọ̀ kò sí nínú fóònù rẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó ni ògidì rẹ̀ kì í sinmi. Orísun ni Hadassah máa ń pe ibẹ̀. Ìgbà gbogbo ni àtúnṣe tuntun ń ti orísun ṣàn wá. Tí o kò bá gbà á, fóònù ìwòyí kò ní gba áàpù rẹ mọ́, máàpù rẹ á sì di ògbólógbòó. Tí o bá sì gbà á láìwo ẹ̀yìn, á fọ gbogbo ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe dànù. Ńṣe ni wọ́n ní láti máa da tuntun pọ̀ mọ́ tiwọn. Ibi tí méjèèjì bá ti forí gbárí, kọ̀ǹpútà á dúró, á bi wọ́n pé: èwo ni kí n mú, tiyín ni àbí tiwọn? Ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan ni wọ́n ń dáhùn. Hadassah á kọ, Akínsànmí á kà á lẹ́yìn rẹ̀ bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Baba Waka torí ẹsẹ̀ mi kì í gbélé, á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, màá máa gbọ́ wọn.

"Mú tiwa."

"Tiwọn dáa jù, jàre. Olóríkunkun."

"Mo ní o mú tiwa!"

Ẹ̀rín á sì bú. Bí àwọn mìíràn bá fẹ́ràn ara wọn, wọ́n á jọ máa rìn jáde. Àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n jọ ń ṣe.

Hadassah wá kú lójijì. A gbé e lọ sílé lẹ́bàá òkun, a sin ín. Akínsànmí padà sí Warri, ó dá iṣẹ́ náà ṣe fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Tí kọ̀ǹpútà bá bi í léèrè, òun nìkan ló ń dáhùn.

Ohun tó fi hàn mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyí. Nígbà tí Hadassah wà láyé, ó rí i pé àwọn ọlọ́kọ̀ wa kò ráyè mítà. Ó wá fi ara èèyàn ṣe ìwọ̀n omi: omi orúnkún, omi ìbàdí, omi ọrùn. Ara bàbá rẹ̀ ló fi wọn gbogbo rẹ̀, torí Bàbá Ìkúnayọ̀ ló kọ́ ọ láti wọ omi, ara ẹlòmíràn kò sì wá sí i lọ́kàn. Wọ́n ní kí Olúbọ̀dé tó ń wakọ̀ fún èrò kọ́kọ́ dán an wò. Olúbọ̀dé bọ́ sínú ibi tí máàpù pè ní omi ọrùn, omi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, fìlà rẹ̀ nìkan ló léfòó. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Akínsànmí dín ọrùn náà kù lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe yẹn kò jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kò rí i lẹ́yìn àwa tí a wà níbẹ̀.

Àtúnṣe tuntun ti wá dé láti orísun. Ẹnì kan lọ́nà jíjìn ti fi ìwọ̀n ara èèyàn kún máàpù náà: orúnkún, ìbàdí, ọrùn. Mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà tí Akínsànmí fìka tọ́ka sí. Ọrùn Bàbá Ìkúnayọ̀ ni.

Orúkọ ẹni tó ṣe é wà lábẹ́ rẹ̀: Mutmainah, Àjàṣẹ́. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ pé Khàlíl ti kà á, Khàlíl ní ó dára.

 Mo mọ ohun tí mò ń wò, torí ojú mi ti rí i rí. Àmọ́ nígbà tí mo yíjú sí Akínsànmí, ìka rẹ̀ ti kúrò lórí nọ́ńbà náà. Orí orúkọ kejì ló wà, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì bí ẹni fẹ́ pa kòkòrò.

"Ta ni Khàlíl?" ó ní.

Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé bí èèyàn bá kú láìtọ́jọ́, ìgbà mìíràn wà tí kì í lọ. Á ṣí lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, á gba orúkọ mìíràn, á ṣòwò, á lọ́kọ. Àkúdàáyà là ń pè é. Mo ti jẹun lọ́wọ́ ọ̀kan rí létí ọ̀nà àwọn onítírélà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ìrẹsì rẹ̀ dùn. Awakọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi orúkọ ilé kí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí i, ó gbé ìpọnmi, ó ní òun fẹ́ bu omi lẹ́yìn ilé. A jókòó títí iná fi kú lábẹ́ ìkòkò.

"Má pè é," mo ní. "Má jẹ́ kó rí ọ. Níbi tó wà yẹn, ó wà láàyè. Ọjọ́ tí ẹni ilé bá pè é lórúkọ, ó parí nìyẹn."

"Bàbá, kò tíì sí ẹlòmíràn tó ka iṣẹ́ rẹ̀ rí," ó ní. "Èmi ni mo máa ń kà á."

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí Mutmainah ti ṣe ní orísun ni Akínsànmí wá jáde, kò sì sí èyí tí Khàlíl kò kà nínú wọn. Ibì kan wà tí ọkùnrin náà kọ sí i pé, "Sinmi díẹ̀, o ti ṣe púpọ̀." Akínsànmí ka ìyẹn sókè fún mi bí ẹni ń ka ẹ̀sùn ní kóòtù. Ó rí àwòrán kan tí obìnrin náà gbé síbẹ̀. Kò sí ojú èèyàn nínú rẹ̀, tábìlì ni, kọ̀ǹpútà, àti ife tíì méjì.

"Kì í mu tíì," ó ní. "Mílò ni. Èmi ni mo máa ń pò ó fún un." Ó fìka tọ́ka sí ife kejì. "Ó ti kọ́ tíì mímu."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti gba àtúnṣe tó ń bọ̀ láti orísun. Kọ̀ǹpútà á bi í: tiyín àbí tiwọn? Á tẹ tiwa. Á tún bi í, á tún tẹ tiwa, á máa gbá bọ́tìnnì bí ẹni ń gbá èèyàn létí. Atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Olúbọ̀dé já wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún.

"Oga Akin, wetin dey worry this your Atukọ̀? E tell me say water dey, na so I carry passenger jam sand! One mama don break hand o. Her pikin dem dey find me."

"Manage am," Akínsànmí ní, kò gbójú sókè.

"Manage wetin? Person hand?" Olúbọ̀dé yíjú sí mi. "Baba Waka, ẹ bá mi bi ọmọ yín bóyá orí rẹ̀ pé. Ṣé èmi ni màá tún bọ́ somi kí wọ́n tó mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ ni?"

Nígbà tó lọ tán, mo rọra sọ fún Akínsànmí pé kó gba àtúnṣe náà. Àwọn èèyàn máa kú somi. Ó kọjú sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ẹ ní kí n gba tiwọn? Kí n gba ohun tí ọkùnrin yẹn ti kà kó tó kàn mí?"

Mo jáde. Mo lọ sí Ekpan lọ bá ẹnì kan ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi padà dé, mo bá a tó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí kò lè jẹun lọ.

"Mo ti ránṣẹ́ sí i," ó ní.

"Sí ta?"

"Sí ìyàwó mi."

Ó fi hàn mí. Ó ti ṣe àtúnṣe sí ọrùn yẹn, ó ti dín in kù, ó ti fi ránṣẹ́ sí orísun gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣe. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀: "Hadassah, bàbá rẹ ga ju gbogbo ayé lọ. Akin ni."

 Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, òórùn àdín àgbọn gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, irú èyí tí Hadassah máa ń fi pa irun. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gba ojú fèrèsé jáde. Akínsànmí mí i símú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn náà, orúkọ Mutmainah kò hàn ní orísun mọ́. Ti Khàlíl náà dákẹ́. Akínsànmí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó gba gbogbo àtúnṣe tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, Atukọ̀ tún jí, Olúbọ̀dé fi ẹja ńlá kan dúpẹ́. Mo bi Akínsànmí bóyá ó mọ ohun tó ṣe. Ó ní ó kéré tán, kò sí lọ́dọ̀ ẹnì kankan mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni fóònù dún. Ó gbé e sórí tábìlì, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta. Ohùn ọkùnrin ni, Yorùbá rẹ̀ ní ìró ti Àjàṣẹ́, ó sì rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ Akin?"

"Èmi ni."

"Ẹ má bínú, ara áàpù yín ni mo ti rí nọ́ńbà yín. Khàlíl lorúkọ mi. Ìyàwó mi ni mò ń wá. Ó jókòó síbi kọ̀ǹpútà, ó ka nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kó aṣọ lórí okùn, òjò ti ń ṣú. Aṣọ ṣì wà lórí okùn, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè kó o. Ẹ̀yin lẹ kọ ohun tó kà kẹ́yìn. Ta ni Hadassah?"

"Ìyàwó mi ni."

"Èmi ń bèèrè Mutmainah."

"Ẹnì kan náà ni."

Òjò ń lu páànù. Mo rò pé Khàlíl máa bú u. Kò bú u.

"Kò sọ fún mi pé òun lẹ́nì kan," Khàlíl ní. "Létí omi ni mo ti pàdé rẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù. Oyún inú rẹ̀ ti gòkè. Mi ò bi í léèrè ẹni tó ni ín. Mo ní ẹni tó bá bá a tọ́ ọ ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó padà wálé. Mi ò bínú sí i. Ọmọ rẹ̀ kò jẹun."

Mo gbá tábìlì mú. Lára àwọn tó gbé pósí Hadassah ni mo wà. Ohun tí a kò jẹ́ dárúkọ níwájú Akínsànmí láti ọjọ́ yẹn ni pé oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí nígbà tó kú, àti pé tòun toyún ló wọlẹ̀.

Igbe ọmọdé ń dún lẹ́yìn ohùn Khàlíl.

"Ọmọ yẹn dà?" Akínsànmí ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Òun ló ń ké yìí. Ràhímù."

"Akin," mo ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "pa fóònù yẹn. Ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá lòun náà ti wá. Mo bẹ̀ ọ́."

"Bàbá, ọmọ mi ni."

Ó tẹ fídíò. Khàlíl yọ sójú fóònù: ọkùnrin tín-ín-rín tó dé fìlà funfun, ojú rẹ̀ ti wú. Ó yí fóònù sí ọmọ tó jókòó sórí ẹní, ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run mi. Iwájú orí Akínsànmí ni, etí rẹ̀ ni, tí wọ́n dúró gangan. Ọmọ náà kò wo fóònù, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Mo na ọwọ́ kí n bo ojú fóònù náà mọ́lẹ̀. Akínsànmí fi ìgúnpá gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣubú sórí àga oníke.

Bóyá Akínsànmí ì bá dákẹ́. Mo gbà pé ì bá wò ó kó sì dákẹ́. Àmọ́ Khàlíl jókòó ti ọmọ náà, ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu ikun nímú rẹ̀. Ọmọ náà sì gbé orí lé ikùn ọkùnrin yẹn, bí ọmọ ṣe ń gbórí lé ibi tó mọ̀, ó dákẹ́ ẹkún. Mo rí ojú Akínsànmí nígbà tó rí i. Ojú kan náà ló fi ń tẹ orúkọ Khàlíl mọ́ gíláàsì.

"Ràhímù kọ́ ni orúkọ rẹ," ó ní. "Ọlámigòkè ni. Orúkọ tí ìyá rẹ yàn fún ọ nìyẹn. Èmi ni bàbá rẹ. Wò mí."

Ọmọ náà gbórí sókè kúrò lára Khàlíl. Ó wò wá. Ó wò wá pẹ́ bí ẹni ń rántí nǹkan, ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Hadassah gan-an.

"Mò ń bọ̀," ó ní.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dìde, ó rìn kọjá iwájú fóònù, a kò rí i mọ́.

"Ràhímù, níbo lò ń lọ? Òjò ń rọ̀ níta." Fóònù náà ṣubú lọ́wọ́ Khàlíl, ó dojú kọ àjà. À ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré, à ń gbọ́ ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ wá ti ìta wá, ó ń pè é lábẹ́ òjò, ó pè é lẹ́yìn ilé, ó pè é lójú ọ̀nà. Akínsànmí náà fẹnu sún mọ́ fóònù, ó ń pe Ọlámigòkè, bí ẹni pé ẹni tó bá pariwo jù ló máa gbà á.

Lẹ́yìn náà, ó dáwọ́ dúró. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, òjò ń fẹ́ wọlé. Ó gbé àga kan, ó fi aṣọ nù ún.

"Ẹ sún díẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ gbọ́ bó ṣe wí. Ó ní òun ń bọ̀."

Mo sún. Nínú fóònù, ọkùnrin yẹn ṣì ń pe Ràhímù.